Àwọn Òkú Tó Ń Mí

Ọjọ́ Ajé, 6 Ṣẹ́rẹ́

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lónìí. Yàrá tí a ó ti máa to fíìmù pọ̀ wà lókè ilé ìfọṣọ kan, nítorí náà ẹsẹ̀ mi gbóná, orí mi tutù. Fèrèsé kan wà tí kò ṣeé tì. Wọ́n fi páálí dí i, atẹ́gùn sì ń bá páálí náà jà láti àárọ̀ dalẹ́. Mi ò ní alábàáṣiṣẹ́ mìíràn.

Bàbá, olùdarí fíìmù tí a fẹ́ tò, dé lọ́sàn-án. Mo ti rò pé ẹni tó sọ gbogbo ìran wa di ẹni tó ń yọjú wo abẹ́ ibùsùn kó tó sùn máa ga ju báyìí lọ. Súẹ́tà tó wọ̀ ti já nígbọ̀nwọ́, ó sì gbé búrẹ́dì há abíyá. Ó wò mí títí.

"Ìwọ ni Ọmọ Póli?"

"Èmi ni, sà."

"Kí ló máa ń bà ọ́ lẹ́rù?"

"Onílé mi, sà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí àga kan níwájú kọ̀ǹpútà. "Jókòó. Rọra o. Ibẹ̀ ni ìyàwó mi máa ń jókòó."

Ta ni kò mọ̀ pé ìyàwó yẹn ló gé gbogbo fíìmù tó sọ ọ́ di Bàbá Adẹ́rùbani? Bàbá á ya fíìmù, ìyàwó á gé e, àwa yòókù ò sì ní lè sùn. Obìnrin náà ti kú. Èyí ni fíìmù àkọ́kọ́ tí Bàbá máa ṣe láìsí i níbẹ̀, èmi tí mo sì kọ́ iṣẹ́ yìí lórí kọ̀ǹpútà tí ènìyàn mẹ́fà ń pín lò ni wọ́n gbé ṣáájú rẹ̀.

Màámi pè. Ó ní ṣé mo ti jẹun, mo ní mo ti jẹun. Ó ní kí ni mo jẹ, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.

Ọjọ́rú, 8 Ṣẹ́rẹ́

Mo ti wo gbogbo ohun tí wọ́n yà. Ìtàn náà ò le: àwọn òkú jí, wọ́n dìde, wọ́n ń rìn lọ sílé. Bí wọ́n bá délé, wọ́n á kan ilẹ̀kùn, wọ́n á sì dúró. Wọn ò bu ẹnikẹ́ni jẹ. Ìgbà mìíràn wà tí Bàbá á gbé kámẹ́rà sójú òkú kan fún ìwọ̀n àkókò tí ènìyàn lè fi se ẹyin, kó bó o, kó sì jẹ ẹ́ tán.

Ọkùnrin yìí kan náà ni o. Nígbà kan rí, ilẹ̀kùn tó rọra ṣí nínú fíìmù rẹ̀ mú kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tọ̀ sórí àga tuntun ní pálọ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n mi ti di nọ́ọ̀sì báyìí, ó sì ṣì ń sọ pé omi ló dà sílẹ̀.

Mo rò pé bóyá n kò tíì lóye fíìmù náà. Mo tún un wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Oorun gbé mi lọ.

Ọjọ́bọ̀, 9 Ṣẹ́rẹ́

Ìṣòro gidi ti yọjú. Ìdájí, nínú òtútù, ní gbalasa pápá ni wọ́n ti ya àwọn òkú náà. Èéfín ń jáde lẹ́nu gbogbo wọn. Òkú rẹpẹtẹ, tí wọ́n ń mí bí ìkòkò tó ń hó. Ọ̀kan tiẹ̀ sín, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì wò ó tìkà-tẹ̀gbin.

Gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ orúkọ Bàbá ló mọ òfin rẹ̀: òkú kì í mí. Nínú fíìmù rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù, ó ní kí àwọn òṣèré séèémí. Ọ̀kan dákú. Bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, pé òun gan-an ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́.

Mo fi èéfín náà hàn án. Ó sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

"Ìyàwó mi ló máa ń dúró tì mí," ó ní. "Òun ló máa ń sọ pé, wò ó, wọ́n ń mí." Ó na ẹ̀yìn rẹ̀. "Nù ún kúrò."

"Gbogbo rẹ̀, sà?"

"Ṣé o ti rí òkú tó ń mí rí ni?"

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí èyí tó ń rìn náà."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Ṣẹ́rẹ́

Mo nù.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Ṣẹ́rẹ́

Kí ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ àfọwọ́rọ́sẹ́yìn ni mò ń ṣe gbọ́ o: àwòrán mẹ́rìnlélógún ló wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Bí òkú kan bá mí sóde lẹ́ẹ̀kan, ó ti ba ọ̀sán mi jẹ́. Mo máa mú àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo máa ha èéfín náà kúrò lẹ́nu rẹ̀, mo máa fi òkùnkùn dí ojú ibẹ̀. Mo ti di ẹni tó ń gba ẹ̀mí lẹ́nu àwọn tó ti kú.

Owó búrẹ́dì ti tún lọ sókè. Ẹni tó ń tà á ní kí n má wo òun bẹ́ẹ̀ yẹn, pé òun kọ́ lòun gbé e sókè.

Lọ́sọ̀ọ̀sán ni Bàbá máa ń wá wo ibi tí mo bá iṣẹ́ dé. Á jókòó sẹ́yìn mi. Bí mo bá ti dá fíìmù dúró, á bèèrè, "Ṣé ó bà ọ́ lẹ́rù?" Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ní, "Ó ń bọ̀ lọ́nà, sà," bí ẹni tó ń ta oúnjẹ tí kò tíì jinná. Lánàá, mo ní, "Ó wọ̀ mí lára, sà." Òótọ́ ni, òtútù ló wọ̀ mí lára. Ó mi orí, ó ya búrẹ́dì sí méjì, ó fún mi ní èyí tó tóbi.

Mo lè sọ òótọ́ fún un. Mo tún lè padà sílé lọ bá Màámi, kó máa fi mí júwe fún àwọn ará àdúgbò.

Ọjọ́ Ajé, 20 Ṣẹ́rẹ́

Alága wá. Òun ló ni owó tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà. Táyà ló ń tà. Ó wo ìdajì, ó sì dìde dúró.

"Ẹ̀jẹ̀ dà?"

Bàbá ní, "Wọ́n ti kú. Ibo ni ẹ̀jẹ̀ á ti jáde?"

"Bàbá, ẹ gbọ́ mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Sọ́ńbì ayé ìsinsìnyí ń sáré. Ọmọ mi kékeré ń wo èyí tó ń sáré lórí fóònù tó bá ń jẹun lọ́wọ́. Tiyín ń rìn bí ẹni tó lọ gba owó ìfẹ̀yìntì."

"Ibo ni kí wọ́n máa sáré lọ?"

"Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún wa!"

"Òkú ò ní ibi tó ń kánjú lọ."

Alága yíjú sí mi. "Ìwọ tóo kàwé. Ṣé kò ṣeé ṣe kí wọ́n sáré ni?"

"Ó ṣeé ṣe, sà. Àmọ́ wọ́n á dà bí ẹni tó ń wá ilé ìgbẹ́."

Ó ní kí n ṣe é kóun rí i. Mo mú kí àwọn òkú náà yára. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò ó.

"Ó jọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́," Alága ní. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀. "Mo ti gba gbọ̀ngàn sinimá sílẹ̀ fún ọjọ́ kejìlélógún oṣù tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn. Mi ò béèrè ju ìyẹn lọ."

Lẹ́yìn tó lọ, Bàbá ní, "Èmi náà ò béèrè ju ìyẹn lọ."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Ṣẹ́rẹ́

Kò sẹ́ni tó wá. Ilé ìfọṣọ ti kógbá sílé, nítorí náà ẹsẹ̀ mi náà tutù. Kùrukùru bo gbogbo òpópónà, a ò rí òdìkejì títì.

Mo ti ń sọ àwọn òkú lórúkọ. Akọ̀wé ni èyí tó wọ táì. Aláìnísùúrù lèyí tó sín. Èyí tó wà níparí fíìmù, obìnrin gíga tó délé ọkọ rẹ̀ tó sì dúró síwájú ilẹ̀kùn láìkàn án, Onísùúrù ni mò ń pè é. Mo máa ń kí wọn láàárọ̀. Wọn kì í dáhùn, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ fún mi pé mo ti rù.

Nígbà tí Màámi pè, ohùn mi kọ́kọ́ kọ̀ láti jáde, torí n kò tíì bá ẹ̀dá kankan sọ̀rọ̀ láti àná.

"Òtútù ti mú ọ. Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?"

"Àwọn òkú ni, Màámi."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?"

"Iṣẹ́ ni."

"Ṣé kò síṣẹ́ ní báńkì mọ́ ni?"

Ọjọ́bọ̀, 30 Ṣẹ́rẹ́

Bàbá ní a nílò ojú tuntun. Ó lọ mú ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìfọṣọ wá wo fíìmù náà pẹ̀lú wa. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá, ó ní òun ò sùn lọ́jọ́ kan nítorí rẹ̀ nígbà tóun wà lọ́mọdé. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí eyín rẹ̀.

Kí òkú kẹta tó délé, ẹ̀ṣọ́ ti ń hanrun.

"Ó rẹ̀ ẹ́ ni," Bàbá sọ fún mi. "Iṣẹ́ ìdúró ni iṣẹ́ wọn."

A jọ ń wò ó lọ, àwa méjì àti ìhanrun. A dé ìparí. N kò tíì nu apá ibẹ̀. Onísùúrù dúró síwájú ilẹ̀kùn onígíláàsì náà. Orí ẹ̀ṣọ́ yẹ̀ gẹ̀rẹ̀, ó ta jí, ó gbójú sókè. Àkókò yẹn gan-an ni èémí jáde lẹ́nu obìnrin náà, fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, ó fara kan gíláàsì, gíláàsì sì bu funfun.

"Háà! Ó ń mí! Ẹ wò ó, ó ń mí!"

Ẹ̀ṣọ́ ti wà lẹ́nu ọ̀nà kó tó parí ọ̀rọ̀ náà. Irun ọrùn mi dìde dúró. Mo ti ha èéfín yẹn kúrò lẹ́nu òkú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò sì wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n sin ènìyàn yìí. Ó rìn wálé. Ó sì ń mí.

Bàbá tan iná. "Má bínú," ó sọ fún ẹ̀ṣọ́, bí ẹni tí wọ́n bá ìdọ̀tí nínú àwo tó fi gbé oúnjẹ fún àlejò. "Kò tíì nu ìyẹn ni."

Ọjọ́ Ẹtì, 31 Ṣẹ́rẹ́

Gbogbo èyí tí wọ́n yà látilẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bí a bá dá èémí wọn padà, fíìmù yìí á di ohun tó ń bani lẹ́rù. Mo ti pinnu pé n ó sọ fún un lónìí. Ó dé, ó gbé búrẹ́dì, ó bèèrè bóyá páálí ojú fèrèsé ṣì ń yọ mí lẹ́nu. N kò sọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, 3 Èrèlé

Mo ti sọ ọ́.

Ó bèèrè ìbéèrè rẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Mo ní, "Rárá, sà."

Mo gbọ́ tí àga rẹ̀ dún lẹ́yìn mi. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀, sà. Àfi èyí tí a ò tíì nù." Mo sáré gbé e sójú kọ̀ǹpútà kí àyà mi tó já. Mo fi Onísùúrù hàn án, mo fi Akọ̀wé hàn án bó ṣe wà kí n tó fọwọ́ kàn án. "Ẹ jẹ́ ká dá a padà, sà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa mí."

"Òkú kì í mí."

"Ohun tó fi bani lẹ́rù nìyẹn, sà."

"Wọ́n á ní mo ti darúgbó. Wọ́n á ní mi ò rí i."

"Kí wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀rù á ti bà wọ́n tán kí wọ́n tó sọ ọ́."

Ẹ̀rọ ìfọṣọ ń yí nísàlẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó mi nìkan ló máa ń sọ fún mi pé rárá." Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti wọlé. Mo tiẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ kọ́ ni ìyàwó mi," ó ní. "Nù ún."

Ó lọ. Ó fi odindi búrẹ́dì sílẹ̀.

Ọjọ́rú, 5 Èrèlé

Kò wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Èrèlé

Kò tíì wá. Mo pè é, ó ní òtútù mú òun, kí n máa bá iṣẹ́ lọ. Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ó ní o ṣeun. Àwa méjèèjì dúró lórí fóònù fúngbà díẹ̀, kò sẹ́ni tó pa á.

Mo nu Onísùúrù lónìí. Ó gbà mí láti àárọ̀ di àṣálẹ́. Gíláàsì yẹn ló le jù. Nígbà tí mo parí, ó ti kú dáadáa.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Èrèlé

Alága ti rán ohùn wá kí n fi sí i. Ariwo obìnrin ni. Ó fẹ́ kó máa dún nígbàkigbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí. Mo ní gbogbo ilẹ̀kùn? Ó ní gbogbo ilẹ̀kùn. Mo fi sí i. Mo fi sí ilẹ̀kùn fíríìjì náà, kí ó má bàa ní mo yọ ọ̀kan sílẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Èrèlé

Òjò rọ̀, síbẹ̀ gbọ̀ngàn kún. Ohun tó dùn mí nìyẹn. Wọ́n wá pẹ̀lú ìfẹ́. Nígbà tí orúkọ Bàbá hàn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbàlagbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti di ọkọ rẹ̀ lápá mú kí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rù wọn wá látilé, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa sọ̀ ọ́ sí.

Wọ́n dúró. Wọ́n dúró. Ìyá náà fi apá ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ kan níwájú bèèrè, ohùn rẹ̀ sì dé gbogbo igun:

"Mọ́mì, ìgbà wo ni wọ́n máa ṣe é?"

"Ṣe kí ni?"

"Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe."

Nígbà tí fíríìjì pariwo, gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo ilẹ̀kùn ni wọ́n ń bá pariwo. Onísùúrù dé ìparí, ó mọ́ tónítóní, ó dúró síwájú gíláàsì tí kò ní àbààwọ́n. Fóònù ọkùnrin kan dún, ó sì gbé e. "Sinimá ni mo wà. Rárá, ó ti fẹ́ parí. Rárá o, kò sí nǹkan kan."

Iwájú pátápátá ni Bàbá jókòó sí. Kò wo fíìmù náà. Mo gbọ́ pé ìṣe rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni, pé á yí ẹ̀yìn sí àwòrán, á máa wo ojú àwọn ènìyàn. Ó yíjú sí wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìmọ́lẹ̀ àwọn òkú wà lẹ́yìn rẹ̀, tí n kò fi rí ojú rẹ̀. Òun ló rí tiwa.

Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ o." Bí wọ́n ṣe máa ń kí àwọn tó ń gbẹ́ gọ́tà.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Èrèlé

Ẹnì kan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé Bàbá ti kọ́ wa ní ẹ̀rù rí, ó wá fẹ́ fi sùúrù kún un. Ó wù mí kí n jẹ́ ẹni tó kọ ọ́, ó sì dùn mí pé òótọ́ ni.

Màámi: "Ṣé wọ́n kọ orúkọ rẹ síbẹ̀?"

"Wọ́n kọ ọ́."

"Ṣé ó tóbi?"

"Ó yára kọjá ni, Màámi."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Ẹrẹ́nà

Wọ́n ti yọ fíìmù náà kúrò ní sinimá. Wọ́n ní kí a kó kúrò nínú yàrá náà kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Mo ń di ẹrù lọ́wọ́ nígbà tí Bàbá gun àtẹ̀gùn wá. N kò tíì rí i láti ọjọ́ gbọ̀ngàn. Ó ní òun wá kó ìyókù ẹrù òun. Páálí méjì ni. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a gbé ọ̀kan, ó ní kí n má ṣèyọnu, mo sì ti gbé e. Ojú ọ̀run ti ń pọ́n. A rìn títí a fi kọjá ilé epo.

"Mo rí i," ó ní.

"Kí ni, sà?"

"Pé wọ́n ń mí. Mo rí i lọ́jọ́ tí a yà á. Mo rí i kí ẹnikẹ́ni tó rí i."

Mo dúró. Kò dúró, nítorí náà mo sáré bá a. "Kí ló dé tí ẹ ò dá wọn dúró, sà?"

"Ó wù mí. Gbogbo wọn ń mí nínú òtútù yẹn. Mo ronú pé bí mo bá dákẹ́, wọ́n á máa mí lọ." A tún rìn díẹ̀. "Nígbà tóo wá fi hàn mí, ojú tì mí. Bàbá arúgbó tó ń wá èémí lẹ́nu òkú."

Mo gbé páálí tèmi sí èjìká kejì, a sì ń lọ.

A dé ilé rẹ̀. Ilé kékeré kan ni ní òpin òpópónà, fèrèsé rẹ̀ méjèèjì dúdú. Ó gbé páálí rẹ̀ sílẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, kò sì ṣí ilẹ̀kùn. Ó kàn dì í mú. Lẹ́yìn náà, ó nà án sí mi.

"Bá mi wọlé lọ tan iná. Ọwọ́ òsì ni ibi tí wọ́n ti ń tan án wà."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó fẹ́ fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀rù ilé yẹn ń bà mí," ó ní. "Bó bá ti ń ṣú, ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí gidi gan-an. Ilé ìfọṣọ yẹn ni mo máa ń jókòó sí tí wọ́n á fi lé mi."

Mo ṣílẹ̀kùn. Mo fọwọ́ wá ògiri, mo tan iná. Àga mẹ́rin, tábìlì kan, ife kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Mo wo yàrá. Mo wo ilé ìdáná. Mo tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo abẹ́ ibùsùn, mo sì wò ó dáadáa.

Mo padà sẹ́nu ọ̀nà. "Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, sà."

"Mo mọ̀," ó ní. "Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn."

Ó dúró síta, ọwọ́ rẹ̀ nínú súẹ́tà. Mo gbé páálí méjèèjì wọlé, mo bọ́ bàtà mi, mo sì ké sí i látinú ilé pé níbo ló ń gbé kẹ́tùlù sí.